Wọ́n Pè Mí Ní Ọ̀mùtí, Ẹṣẹ́ Ọrùn Mi Ló Ti Sùn

Nítorí ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹṣẹ́, ibi tí oje ara ti ń sun, tó wà ní ọrùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ ni mo ṣe ń kọ èyí. Mo mọ bí àyà ṣe máa ń já lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ẹ ti délé, ẹ ti dúró níwájú dígí, ẹ ń fọwọ́ pa ọ̀nà ọ̀fun yín, ẹ sì ń rò ó pé ta ni yóò tọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹ fara balẹ̀. Mo ti gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá, mo sì wà láàyè. Ibi tí mo ti ṣìnà ni mo fẹ́ fi hàn yín, kí ẹ má baà gba ibẹ̀.

Télọ̀ ni mí ní ìlú Jọ́ọ̀sì. Káyọ̀dé ni orúkọ mi. Tíṣà ni bàbá mi, ọmọ Èkìtì, ìjọba ló gbé e wá sí Plateau, kò sì padà sílé mọ́ títí tó fi kú. Ibí ni wọ́n bí mi sí, ibí ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibí náà ni mo ti gbéyàwó. Haúsá pọ̀ nínú Yorùbá mi débi pé bí mo bá lọ sí Adó, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ilé wa wà ní Dadin Kowa, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Dilimi. Àwọn oníbàárà mi kì í pè mí ní Káyọ̀dé. Mai Sauri ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn ni pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Bí o bá gbé aṣọ kaftan wá fún mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, wàá wọ̀ ọ́ kírun ọ̀sán. Mo ń yangàn nípa rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Òtútù ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ta ló sì máa sọ ní Jọ́ọ̀sì pé òtútù jẹ́ àìsàn? Nígbà ọyẹ́, gbogbo wa là ń wọ súwẹ́tà, gbogbo wa là ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ lọ, oòrùn dé, àwọn èèyàn ń fi páálí fẹ́ ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù, èmi sì wà nínú súwẹ́tà méjì. Malam Sani, ẹni tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ní ẹ̀gbẹ́ mi, á yọjú, á ní, "Mai Sauri, sanyi?" Ó ń béèrè pé ṣé òtútù ló tún ń mú mi. Á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn òtútù ni àárẹ̀. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń lé lọ. Mo lè sùn láti ìgbà tí a bá jẹun alẹ́ tán títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí n sì jí bí ẹni tó fi gbogbo òru ru búlọ́ọ̀kù. Bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, orí mi á tẹ̀ síwájú. Ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, pàápàá ọwọ́ ọ̀tún, abẹ́rẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò ní mọ̀ àfi bí mo bá wá a tì. Mo ń sanra, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ kò wù mí jẹ. Ṣòkòtò tí mo fọwọ́ ara mi rán kò pa dé mọ́ níwájú. Àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire, wọ́n ní owó ti ń wọlé. Ní òwúrọ̀, ìpéǹpéjú mi á wú. Awọ ara mi gbẹ, ó ń họ. Irun ìpéǹpéjú mi ń re, èyí tó wà ní ìkángun ojú ló kọ́kọ́ lọ. Ìgbẹ́ di ohun tí mò ń ṣe lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni, ojú ń tì mí.

Mo lọ sí kẹ́míìsì. Wọ́n ní ibà ni. Mo lo oògùn ibà. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó, wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò. Mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n fún mi ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Gbogbo wọn ni mo lò. Ó ń burú sí i.

Ohùn mi ló wá tú àṣírí mi. Ó nípọn, ó ń fà, ahọ́n mi wúwo lẹ́nu bí ẹni tó fi iyán sẹ́nu tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Rẹ̀mí, tó ń gbé ní Adó, pè mí ní ọjọ́ kan. Lẹ́yìn tí a kí ara wa tán, ó béèrè pé ṣé mo wà níbi àríyá ni. Mo ní ilé ni mo wà. Ó ní, "Kí ló wá ń ṣe ohùn rẹ bí ẹni tó mutí?" Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ti wà lẹ́nu àwọn mìíràn.

Díákónì ni mo jẹ́ nínú ìjọ wa nígbà náà. Wọ́n kó aṣọ akọrin fún mi pé kí n rán an kí ìkórè tó dé, ọgbọ̀n ni. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni fún mi láyé àtijọ́. Nígbà tí ìkórè ku ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́sàn-án péré ni mo tíì rán, nínú mẹ́sàn-án ọ̀hún, méjì ni mo rán apá òsì mọ́ ọ̀tún. Àwọn akọrin wọ aṣọ àtijọ́ lọ́jọ́ ìkórè. Mo jókòó sẹ́yìn, mo sì sùn nígbà ìwàásù títí orí mi fi gbá àga tó wà níwájú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ wa ránṣẹ́ pè mí. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Àwọn àgbà ìjọ méjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó ní wọ́n ti rí mi lójú ọ̀nà tí mò ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ojú mi wú, ohùn mi ń fà, iṣẹ́ ọwọ́ mi ti bàjẹ́. Ó ní àwọn kan tilẹ̀ sọ pé ibi tí wọ́n ti ń ta burukutu, ọtí ọkà bàbà tí wọ́n ń pọn níbí, ni mo ti máa ń wá sílé. Ó wá wò mí lójú.

"Káyọ̀dé, ṣé o ti ń mu nǹkan?"

Mi ò fi ọtí kan ẹnu rí láyé mi. Ṣùgbọ́n ní àsìkò yẹn, bí ẹ bá bi mí ní ìbéèrè, ó máa ń pẹ́ kí ìdáhùn tó ti inú dé ẹnu. Mo ń wá ọ̀rọ̀. Mo ń wò wọ́n. Kí n tó rí i, wọ́n ti gba dídákẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Nígbà tí mo fi máa sọ pé rárá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ti ń mi orí. Wọ́n ní kí n lọ sinmi kúrò nínú iṣẹ́ díákónì fún ìgbà díẹ̀, kí n fi àkókò náà gbàdúrà. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mi ò lè bínú. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n bínú, mo ń wá ìbínú nínú ara mi, mi ò rí i.

Ìyàwó mi, Ìyá Tọ́lá, jẹ́ tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ròyìn fún un. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọlé, á sún mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, á ṣe bí ẹni tó fẹ́ gba àpò lọ́wọ́ mi, á sì gbóòórùn ẹnu mi. Mo ń rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Kò sí òórùn kankan, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, nítorí àwọn tó ń mutí mọ bí wọ́n ṣe ń fi obì bo òórùn mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi ilé-ìwé, ó ní òun fẹ́ bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó tì mí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó rí i pé omi ni mo mu, pé kunu díẹ̀, omi ọkà tí kì í ṣe ọtí, ni mo fi gbé ara ró. Ó rí i bí mo ṣe sùn lẹ́ẹ̀mẹta tí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Ó rí oníbàárà tó gba aṣọ rẹ̀ padà láìrán. Nígbà tí mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn, tí mi ò rántí èwo nínú kọ́kọ́rọ́ ló jẹ́ ti ibẹ̀, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ó ní, "Kì í ṣe ọtí. Bàbá Tọ́lá, ẹ dárí jì mí. Ara yín ò yá, ó sì ti pẹ́ tí ara yín ò ti yá."

Bí ẹ bá bi mí pé ọjọ́ wo ni ìwòsàn mi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni màá mú, kì í ṣe ọjọ́ oògùn.

Ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ìdájí la kúrò nílé, síbẹ̀ àwọn èèyàn ti kún orí bẹ́ǹṣì nígbà tí a dé ibẹ̀. A gba káàdì, a tò, a jókòó, a tún tò níbòmíràn. Ìyá Tọ́lá lọ ra omi. Kó tó padà dé, wọ́n ti pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì, oorun ti gbé mi lọ, mi ò gbọ́. Wọ́n ní ká padà wá lọ́la. Ó bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbà. Lọ́jọ́ kejì, ó di ọwọ́ mi mú láti ìgbà tí a jókòó títí a fi wọlé. Ẹni tó bá máa lọ sí ọsibítù pẹ̀lú àìsàn yìí, kó má dá lọ.

Dókítà tó gbà wá jẹ́ obìnrin kékeré kan tó wọ ìgò ojú. Èmi ló kọ́kọ́ wò kó tó wo ìwé. Ó wò mí pẹ́. Haúsá ló fi bá wa sọ̀rọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi pé ṣé ó ní fọ́tò mi ti bí ọdún méjì sẹ́yìn. Ìyá Tọ́lá wá ọ̀kan jáde nínú fóònù, èyí tí a yà ní ọjọ́ tí ọmọ wa ń lọ sí ilé-ìwé gíga. Dókítà gbé fóònù náà sí ẹ̀gbẹ́ ojú mi. Ó wo fọ́tò, ó wò mí, ó tún wo fọ́tò. Èmi náà wò ó. Mi ò mọ̀ pé mo ti yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin inú fọ́tò náà dà bí àbúrò mi.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ṣé òtútù máa ń mú mi ju àwọn yòókù lọ? Ṣé mo ń yàgbẹ́ dáadáa? Ìka mi ńkọ́, ṣé ó ń kú? Ṣé mo ń gbàgbé nǹkan? Ṣe ni mo ń rò ó pé obìnrin yìí ti gbé inú ilé wa rí. Ó ní kí n gbé omi mì, ó fọwọ́ kan ọrùn mi. Ó fi òòlù kékeré kan gbá ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ náà ta, ó wá rọra ń padà bọ̀ bí ẹni tí ń sùn. Ìyàwó mi sọ fún un pé ọtí ni wọ́n ń sọ pé mò ń mu. Ó yọ ìgò ojú rẹ̀.

Ó ní, "Kì í ṣe ọtí, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Mo rò pé mo mọ ohun tó ń ṣe yín. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kó dá wa lójú."

Àyẹ̀wò náà wọ́n. Owó àjọ ìyàwó mi la fi san án. Ọjọ́ mẹ́wàá tí a fi dúró de èsì ni ẹ̀rù bà mí jù, torí ẹnì kan lórí bẹ́ǹṣì ti sọ fún mi pé ohun tó bá ti jẹ mọ́ ọrùn, jẹjẹrẹ ni. Ẹ má fetí sí àwọn dókítà orí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí èsì dé, dókítà ṣàlàyé fún wa. Ó ní ẹṣẹ́ kékeré kan wà níwájú ọ̀nà ọ̀fun, ó dà bí labalábá tó na ìyẹ́, táírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Oje tó ń sun jáde láti inú rẹ̀ ló ń sọ fún gbogbo ara pé kó ṣiṣẹ́: ọkàn, ìfun, ọpọlọ, awọ, ohùn. Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sun nǹkan kan mọ́. Èmi ní tèmi, bó ṣe yé mi ni pé bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ ti dẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ á máa tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n òkè kò ní yí. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ní oògùn wà, ẹyọ kan lójúmọ́, tí yóò fún ara ní oje tí ẹṣẹ́ náà kò sun mọ́. Mo béèrè pé ìgbà wo ni màá dá a dúró. Ó ní kò sí ọjọ́ náà. Ó ní bí mo ṣe ń jẹun lójoojúmọ́ ni màá ṣe máa lò ó, ní kùtùkùtù, pẹ̀lú omi nìkan, kí n tó fi ohunkóhun kan ẹnu, kí n sì dúró díẹ̀ kí n tó mu kunu mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò rí ìyàtọ̀. Mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé bákan náà ni àwọn yìí àti àwọn oníkẹ́míìsì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo la ojú kí ìyàwó mi tó jí. Mo dùbúlẹ̀, mò ń retí pé kí àárẹ̀ náà dé. Kò dé. Ooru ń mú mi. Mo bọ́ súwẹ́tà, mo jókòó sétí ibùsùn nínú ṣíńgílẹ́ẹ̀tì, mo sì ń gbọ́ àwọn ẹyẹ. Láàárín oṣù mẹ́ta, dókítà fi kún oògùn náà lẹ́ẹ̀mejì, wíwú ojú mi lọ, ohùn mi là, ìka mi jí padà. Mo rán gbogbo aṣọ akọrin tó ṣẹ́kù, mi ò gba owó iṣẹ́.

Ìyá Tọ́lá ló mú ìwé èsì lọ bá pásítọ̀. Èmi kọ́ ni mo rán an níṣẹ́. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ wá sí Dilimi, ó jókòó lórí àga oníbàárà, ó ní kí n dárí ji òun. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó sọ níwájú ìjọ pé àwọn ti fi ẹ̀sùn kan aláìsàn. Mo ti dárí jì í tipẹ́. Bí mo bá rí èèyàn bí èmi lójú ọ̀nà, ohun tó rò ni èmi náà ì bá rò.

Ìtàn mi ì bá parí síbẹ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dáadáa.

Àǹtí Rẹ̀mí wá kí mi láti Adó. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú, kò sí ohun tí kò lè ṣe nítorí mi. Ó gbé ìgò ńlá méjì wá, oògùn dúdú tó korò, ti ọkùnrin kan tó ní òun ń wo gbogbo àrùn ọrùn sàn. Ó bá mi jókòó. Ó ní oògùn tí èèyàn á máa lò títí tó fi máa kú, oògùn wo nìyẹn? Ó ní àwọn tó ń tà á ló ń jẹun lára mi. "Wo ara rẹ," ló wí, "ìwọ náà rí i pé o ti gbádùn. Kí lo wá ń wò?"

Ìyàwó mi sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé dókítà ní kí n má dá a dúró. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ọn. Èmi wà láàárín wọn. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ti wà lọ́kàn mi kó tó dé. Ó ti tó oṣù méje tí mo ti ń lo oògùn, ara mi le, mo ń sáré gun òkè. Ó sú mi kí n máa jí lójoojúmọ́ kí n sì rántí pé aláìsàn ni mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu ti inú ìgò. Mo kó páálí oògùn mi sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, mi ò sì sọ fún Ìyá Tọ́lá.

Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, ìkejì kọjá, kò sí ohun tó ṣe mí. Ìdẹkùn rẹ̀ nìyẹn. Oògùn náà kì í tán lára lọ́jọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, nítorí náà wàá rò pé o ti borí. Nígbà tí oṣù kẹta fi máa pé, òtútù ti padà, oorun ti padà. Ìyàwó mi béèrè pé ṣé mò ń lo oògùn mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn náà ni ọyẹ́ mú, ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì tó ń ya ètè.

Mi ò rántí ọjọ́ náà fúnra mi. Malam Sani ló ròyìn rẹ̀. Ó ní ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, òun yọjú, òun rí mi tí mo gbé orí lé ẹ̀rọ. Ó rò pé oorun ni, ó mú bùláńkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó fi bò mí, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra kí eruku má baà wọlé. Nígbà tó kírun ọ̀sán tán, ó padà wá jí mi. Ó ní, "Mai Sauri, tashi." Ó ní kí n dìde. Mi ò dáhùn. Ó fọwọ́ kan ọwọ́ mi, ó tutù bí irin. Ó gbé mi sí èjìká, bí mo ṣe tóbi tó, ó gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó sì ń pariwo mọ́ onímọ́tò lójú ọ̀nà títí a fi dé ọsibítù.

Ọjọ́ méjì ni mi ò fi mọ ibi tí mo wà. Nígbà tí mo lajú, Ìyá Tọ́lá jókòó tì mí. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó mú àwọn páálí oògùn tó rí nínú dúrọ́ọ̀ mi jáde, ó tò wọ́n sórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ̀ ń purọ́ fún mi." Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ líle láyé mi, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Dókítà obìnrin náà wá, kò bá mi jà. Ó kàn sọ fún mi pé bí wọ́n bá fi mí sílẹ̀ síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọn ì bá ti máa sọ ìtàn mi.

Nígbà tí Àǹtí Rẹ̀mí gbọ́, ó sunkún lórí fóònù. Ó ní òun ló fẹ́ pa mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé ìgò wá, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kó oògùn pamọ́." Mo sọ ọ́ nítorí pé òótọ́ ni. Àwọn tó fẹ́ràn wa á gbé oríṣiríṣi nǹkan wá, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gba ipò oògùn yín. Bí ohun kan bá ń kọ yín lóminú nípa oògùn náà, ẹ lọ sọ ọ́ níwájú dókítà. Ẹ má ṣe bí èmi tó lọ sọ ọ́ fún dúrọ́ọ̀.

Ọdún kẹta rèé. Mi ò tíì fo ọjọ́ kan. Mo ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà tí wọ́n bá ní kí n wá, nígbà mìíràn wọ́n á dín oògùn kù díẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á fi kún un. Mo kọ́ láti má ṣe lò ó pọ̀ mọ́ oògùn tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀ tàbí èyí tó ń mú egungun le, torí wọn kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Ìka ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì máa ń kú díẹ̀ bí mo bá pẹ́ nídìí ẹ̀rọ, mi ò sì lè rán iye aṣọ tí mò ń rán nígbà tí mo wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta kò gbọdọ̀ bínú sí ìyẹn. Ní ọjọ́ Sátidé, mo ń lọ sí Du, níbi tí bàbá mi fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún wa, mo ń kọ ebè ànàmọ́, mo sì ń fẹsẹ̀ ara mi rìn padà wálé.

Ìṣòro ẹṣẹ́ yìí kò rí bákan náà lára gbogbo èèyàn o. Obìnrin kan gbé aṣọ wá fún mi lọ́dún tó kọjá, mo wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn oṣù méjì aṣọ náà ti tóbi fún un. Ó ń rù, ó ń làágùn nínú òtútù, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ọrùn rẹ̀ sì wú díẹ̀ níwájú. Ní ilé wọn, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pé àrùn kògbóògùn ló ní. Mo sọ ìtàn mi fún un, mo ní kó lọ sí ọsibítù. Tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àṣejù ni, tèmi kò ṣiṣẹ́ rárá. Òun náà ti rí oògùn tirẹ̀, aṣọ náà sì ti ń bá a mu padà. Nítorí náà, bí ẹni yín bá ṣàdédé yí padà, tó di aláìlágbára tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, ẹ má sáré fún un lórúkọ. Ẹ jókòó tì í fún ọjọ́ kan, bí ìyàwó mi ti ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Ìyá Tọ́lá jà. Ọ̀rọ̀ omi ni, ta ló yẹ kó ti dúró de ọkọ̀ tó ń ta omi. Mo sọ̀rọ̀, mo tún sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀ débi pé àwọn aládùúgbò gbọ́, mo sì gbá ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn mi, mo jáde. Nígbà tí ara mi balẹ̀ tí mo padà wọlé láti wá bẹ̀ ẹ́, mo bá a ní ilé ìdáná, ó ń gé àlùbọ́sà, ó sì ń rẹ́rìn-ín nìkan. Mo béèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ̀ ń bínú, ẹ̀ ń jà. Mo kàn dúró síbí, mò ń gbọ́ yín."